Ojú Ìyá Mi lára Ògiri Ṣọ́ọ̀ṣì

Èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi kun ògiri yẹn ní funfun. Kò sẹ́ni tó fi ìbọn halẹ̀ mọ́ mi. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìyẹn, nítorí nígbà tí ọ̀rọ̀ wá di ariwo ládùúgbò, àwọn tó fẹ́ràn mi ní wọ́n tàn mí ni, àwọn tí kò fẹ́ràn mi ní ipò ni mò ń wá nínú ìjọ. Irọ́ ni méjèèjì. Tinútinú ni mo fi kùn ún. Mo tilẹ̀ ń kọrin sí i.

Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ní kí n wá kùn ún lẹ́ẹ̀kejì, mo ní n ò kùn. Títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, n ò tíì yí ohùn padà.

Ṣọ́ọ̀ṣì kékeré ni tiwa, ní Agége, ní apá ibi tí atẹ́gùn ti máa ń gbé òórùn Oko Ọba wá, níbi tí wọ́n ti ń pa màlúù. Bí oòrùn bá mú lọ́jọ́ Ìsinmi, tí wọ́n ń wàásù nípa Ọ̀dọ́ Àgùntàn, òórùn màlúù ni yóò máa gba ojú fèrèsé wọlé. Ó ti mọ́ wa lára. Àlejò nìkan ló ń fi áńkáṣífì bo imú.

Àwọn ará Èkìtì tó wá wáṣẹ́ sí Èkó ló kọ́ ọ: tíṣà, akọ̀wé ìjọba, àti àwọn bíi bàbá mi tó ń tún ẹ̀rọ ṣe ní kọ́ńpìnnì kan ní Ìkẹjà. Àwọn ọkùnrin mọ búlọ́ọ̀kù, àwọn obìnrin pọn omi. Kànga tí wọ́n ti ń fa omi jìnnà, nígbà tó sì yá, àárẹ̀ mú àwọn yòókù, ó ku obìnrin mẹ́ta tí kò jáwọ́ láti ìgbà tí wọ́n fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀ títí wọ́n fi rẹ́ ògiri. Ọ̀kan ti padà sí Èkìtì kí n tó gbọ́njú. Èkejì ni ẹ̀gbọ́n màmá mi, tí àwa ọmọ ń pè ní Màmá Àgbà. Màmá mi ni ẹnì kẹta, àwọn ló kéré jù.

Nígbà tí wọ́n kọ́lé náà tán, ọmọ ìjọ kan wà tó ń kọ sáìnbọ́ọ̀dù fún àwọn onísọ́ọ̀bù. Ó ní òun ò lówó tí òun óò dá, kí wọ́n jẹ́ kí òun ya àwòrán sára ògiri iwájú. Wọ́n ní kó yà á. Ó ya àwọn obìnrin tó lọ sí ibojì Jésù láàárọ̀ kùtùkùtù. Òun ò mọ bí ojú àwọn obìnrin ilẹ̀ Júù ṣe rí, kò sì purọ́ pé òun mọ̀ ọ́n. Ojú àwọn obìnrin mẹ́ta tó pọn omi ló yà. Dípò kó gbé ìgò òróró lé wọn lọ́wọ́, garawa ló gbé lé wọn lórí. Ó ya ilà ẹ̀rẹ̀kẹ́ Màmá Àgbà bó ṣe wà gẹ́lẹ́, ó sì ya màmá mi bí ẹni tó fẹ́ rẹ́rìn-ín tó rántí pé ibojì ni òun ń lọ.

Mo wà ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nígbà tí Màmá Àgbà kú. Wọn ò ya fọ́tò rí láyé wọn. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí wọ́n wá yà, wọ́n á ní, "Bí mo bá fẹ́ mọ bí ojú mi ṣe rí, ṣebí màá wo àbúrò mi." Nítorí náà, lẹ́yìn tí wọ́n sin wọ́n, kò sí ibòmíràn láyé tí èèyàn ti lè rí ojú wọn àfi lára ògiri yẹn.

Màmá mi ló máa ń gbá ṣọ́ọ̀ṣì ní gbogbo Sátidé. Bí wọ́n bá gbá a dé iwájú, wọ́n á fi ìgbálẹ̀ ti ara àga, wọ́n á kí ògiri. "Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀gbọ́n mi." Wọ́n á wá máa ro ẹjọ́ wa: èyí tí kò fẹ́ jí lọ síbi iṣẹ́, èyí tó ń bá ọmọ aláṣọ rìn, ẹran tí alápatà kan fi egungun kún. Mo ti jókòó sẹ́yìn lọ́pọ̀ ìgbà tí mo ń gbọ́ ẹjọ́ ara mi lẹ́nu wọn.

Ọdún tí sójà gbé ìjọba fún alágbádá, tí kálukú ń sọ pé ayé yóò tún ṣe, ni wọ́n gbé pásítọ̀ tuntun wá fún wa. Kò fi bẹ́ẹ̀ jù mí lọ lọ́jọ́ orí. Ó tínrín, bàtà kan náà ló ń wọ̀ sí gbogbo nǹkan, kì í sì í gba ẹ̀bùn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. N ò ní bú u. Bí ó bá jẹ́ olè ni, ọ̀rọ̀ yìí ì bá rọrùn.

Ní gbogbo Túsìdeè ló máa ń kọ́ wa nípa ìlú kan ní Yúróòpù, Jẹ̀nífà lorúkọ rẹ̀, létí adágún omi ńlá kan. Ó ní láyé àtijọ́, àwọn ará ìlú náà dìde, wọ́n ní ẹ̀sìn àwọn ti dọ̀tí, àwọn fẹ́ fọ̀ ọ́. Wọ́n kó ère jáde nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n ní kò sí pé à ń tanná fún òkú mọ́, kò sí pé à ń bẹ òkú kó bá wa bẹ Ọlọ́run. Wọ́n gbé Bíbélì lé aránbàtà lọ́wọ́, wọ́n gbé e lé oníbúrẹ́dì lọ́wọ́, wọ́n ní kí kálukú kà á fúnra rẹ̀. Àwọn oníwàásù àti àwọn alàgbà á wá jókòó ní gbogbo Tọ́sìdeè, wọ́n á pe ẹni tó jó, ẹni tó ta tẹ́tẹ́, ẹni tó na ìyàwó rẹ̀, ìyá arúgbó tó ṣì ń fi àdúrà àtijọ́ sábẹ́ ahọ́n. Orúkọ ọmọ pàápàá, wọ́n bojú tó o. Bí bàbá bá gbé ọmọ wá pẹ̀lú orúkọ tí wọn ò fẹ́, oníwàásù á fi orúkọ inú Bíbélì sọ ọ́ níwájú gbogbo èèyàn, bàbá á sì gbé ọmọ tó ní orúkọ tí kò mọ̀ lọ sílé.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yẹn ti mú mi ni ti aránbàtà. Kíláàsì kẹta ní ilé ẹ̀kọ́ girama ni mo ti dúró nígbà tí bàbá mi kú. Mo wá ń ṣe káṣúà, iṣẹ́ olówó ojúmọ́, ní iléeṣẹ́ ọ̀dà kan ní Ọ̀rẹ̀gún, à ń da ọ̀dà sínú garawa, à ń de orí rẹ̀. Ọ̀gá wa kò mọ orúkọ mi. "Ìwọ yìí, wá gbé èyí." Bí mo bá délé lálẹ́, èékánná mi á ti di àwọ̀ mẹ́ta. Wàyí o, pásítọ̀ kan jókòó níwájú mi, ó ní ìlú kan wà rí tí irú mi ti lè di Bíbélì mú kó bá ọ̀mọ̀wé jiyàn. Ta ni kò ní tẹ̀ lé e?

Mo sì gbọ́dọ̀ sọ òótọ́: àtúnṣe náà ṣe wá lóore. Ọkùnrin kan ní ojúlé kejì wa tó máa ń lu ìyàwó rẹ̀ bí ẹni lu bàrà, àwọn alàgbà pè é, wọ́n bi í léèrè títí òógùn fi bò ó. Kò nà án mọ́. Ilé ọtí tó kọjú sí ṣọ́ọ̀ṣì di ibi tí wọ́n ti ń ṣe ẹ̀dà ìwé. Wọ́n dá kíláàsì kíkà sílẹ̀, àwọn ìyá tí kò mọ a yàtọ̀ sí b sì ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì àwọn ọmọdé lẹ́yìn iṣẹ́. Màmá mi náà wà níbẹ̀. Wọ́n ń ka Bíbélì bí ẹni ń ṣa ẹ̀wà: wọ́n á mú ọ̀rọ̀ kan, wọ́n á wò ó, wọ́n á gbé e sọ́tọ̀, wọ́n á mú òmíràn. Ọjọ́ tí wọ́n ka orí kan tán láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ràn wọ́n lọ́wọ́, wọ́n sun ẹja fún wa jẹ.

Lẹ́yìn ìyẹn ni àtúnṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wọ inú ilé. Wọ́n ní kí àwọn obìnrin bọ́ yẹtí. Wọ́n ní kò sí alámọ̀ mọ́, orin tí àwọn obìnrin Èkìtì máa ń kọ nígbà ìgbéyàwó àti ìsìnkú, nítorí wọ́n ń dárúkọ òkú nínú rẹ̀. Ó kan oríkì náà. Alàgbà kan tó ń ṣiṣẹ́ ní báńkì ní Òpébì ló gbé ìyẹn wá. Ó bá wa nílé lọ́jọ́ kan tí mo ti ibi iṣẹ́ dé, tí màmá mi ń kí mi lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú oríkì ìdílé bàbá mi. Ó ní, "Màmá, òrìṣà mélòó lẹ ti dárúkọ báyìí kí ọmọ tó bọ́ bàtà?" Láti ọjọ́ náà, ilé ìdáná ni wọ́n ti ń kì mí, pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́, bí ẹni ń sọ̀rọ̀ ẹ̀yìn. Mo gbà pé alàgbà ló jàre. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn pàápàá. Mo ní, "Màámi, ẹ jẹ́ ká ṣe é bí wọ́n ṣe ní ká ṣe é." Wọ́n wò mí, wọ́n fi iyọ̀ sọ́bẹ̀.

Nígbà tó yá, alàgbà yìí kan náà dìde ní Túsìdeè kan. Ó ní kí ni Jẹ̀nífà ṣe sí ère? Kí ló dé tí àwa ń wo ojú ère mẹ́ta bí a bá ń gbàdúrà? Pásítọ̀ ronú díẹ̀, ó ní òótọ́ ni. Ó ní òun ò ní fi dandan mú ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá lè rí ọ̀dà, kó kùn ún.

Mo na ọwọ́ sókè.

Ní iléeṣẹ́ wa, ọ̀dà tí garawa rẹ̀ bá ti tẹ̀ wọnú, àwa òṣìṣẹ́ ni wọ́n máa ń tà á fún ní owó pọ́ọ́kú. Mo gbé funfun kan wá ní Sátidé. Iṣẹ́ náà kò ṣòro fún ẹni tó mọ̀ ọ́n. Ọ̀dà elépo ni oní-sáìnbọ́ọ̀dù fi ya àwòrán tirẹ̀, èyí tó máa ń dán. Ọ̀dà olómi, tí à ń pè ní ẹmọ́ṣọ̀n, ni èmi gbé wá. Olómi kì í dì mọ́ elépo lára. Àfi kí èèyàn kọ́kọ́ fi sánpépà ha ojú ògiri náà títí dídán rẹ̀ yóò fi kúrò, kó tó kun nǹkan lé e.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mú sánpépà lọ́wọ́ ni màmá mi gbé ìgbálẹ̀ wọlé.

"Kí lò ń ṣe níbẹ̀ yẹn?"

"Mo fẹ́ kun ògiri ni, mà."

"Ó dọ̀tí ni?"

"Ère ni, Màámi. Pásítọ̀ ní—"

"Ta ni ère? Ẹ̀gbọ́n mi ni ère?"

Wọ́n rìn wá títí dé ẹ̀gbẹ́ mi, wọ́n gbójú sókè, wọ́n wo àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Wọ́n wá na ìka sí ojú ara wọn, ojú obìnrin tó fẹ́ rẹ́rìn-ín yẹn.

"Bẹ̀rẹ̀ lára mi."

"Mà?"

"O gbọ́ mi. Èmi ni kó o kọ́kọ́ pa rẹ́. O ò ní fi mí sílẹ̀ lára ògiri kí n máa wo bó o ṣe ń pa ẹ̀gbọ́n mi rẹ́."

Mo bẹ̀rẹ̀ lára wọn. Mo gun orí àga, mo ha ojú ìyá mi. Imú ló kọ́kọ́ lọ, ẹnu tẹ̀ lé e. Mo ń sọ nínú ọkàn mi pé ẹni tó wà láàyè kò nílò àwòrán. Mo bẹ̀rẹ̀ orin kan kí n má baà gbọ́ ìró sánpépà. Ìyẹ̀fun ọ̀dà ń dà sílẹ̀, màmá mi sì ń gbá a bó ṣe ń dà, wọ́n ń gbá a jọ sójú kan, títí kò fi sí ojú kankan níbẹ̀ mọ́, sìmẹ́ǹtì ló kù. Wọ́n kó ìdọ̀tí náà, wọ́n jáde.

Mo wá sún àga sídìí Màmá Àgbà. Mo gbé ọwọ́ sókè. Ọwọ́ mi kò lọ. Àwọn ló máa ń fi etí ìró wọn nu imú mi nígbà tí mo wà ní kékeré. Mo lè bò wọ́n, n ò lè ha wọ́n. Mo ju sánpépà sílẹ̀, mo mú búrọ́ọ̀ṣì, mo da funfun bo gbogbo ohun tó kù. Nígbà tí ìjọ wọlé lọ́jọ́ kejì, ògiri náà mọ́ bí ojú ìwé tí a kò tíì kọ nǹkan sí, wọ́n sì pàtẹ́wọ́ fún mi.

Ọyẹ́ kò ṣe é ní nǹkan kan. Òjò ló tú mi fó. Ògiri náà bẹ̀rẹ̀ sí í làágùn, funfun bẹ̀rẹ̀ sí í bó láti ìsàlẹ̀ bí awọ ejò. Ẹsẹ̀ kan kọ́kọ́ yọ. Etí ìró yọ. Ní Ìsinmi kan, ilà ẹ̀rẹ̀kẹ́ Màmá Àgbà jáde gedegbe, àwọn ọmọdé sì ń nàka sí i nígbà tí àdúrà ń lọ lọ́wọ́.

Kò sẹ́ni tó bi mí. Màmá mi tó ń gbálẹ̀ ni wọ́n bi. Wọ́n ní kí wọ́n wá níwájú àwọn alàgbà ní Tọ́sìdeè, mo sì tẹ̀ lé wọn lọ. Àwọn alàgbà jókòó sórí àga rọ́bà, fáànù ń pariwo lókè. Màmá mi wọ ìró búlúù wọn, Bíbélì wà lórí itan wọn.

Alàgbà báńkì ló bẹ̀rẹ̀. "Màmá, ẹ má bínú o. Ṣé ẹ̀yin lẹ ń ha ògiri?"

"Ìgbálẹ̀ ló wà lọ́wọ́ mi. Ṣé ìgbálẹ̀ ń ha ògiri níléèwé tẹ̀yin lọ?"

"Wọ́n rí yín tí ẹ fọwọ́ kàn án."

"Mo fọwọ́ kàn án. Ẹ̀gbọ́n mi ni. Bí ẹ bá rí ẹ̀gbọ́n yín ní títì Òpébì, ẹ ó kàn kọjá lára rẹ̀ bí òpó iná ni?"

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín, ó sọ ọ́ di ikọ́. Pásítọ̀ ní, "Màmá, a kò pè yín wá jà. Ìrònúpìwàdà là ń béèrè."

"Ẹ sọ ohun tí mo ṣe, kí n mọ èyí tí màá ronú pìwàdà rẹ̀."

N ò lè dákẹ́ mọ́. Mo dìde. "Kò sẹ́ni tó ha á. Ọ̀dà olómi ni mo kùn lé ọ̀dà elépo, n ò sì ha gbogbo rẹ̀ tán. Ó gbọ́dọ̀ bó. Bí màmá mi ò bá tilẹ̀ wọ inú ṣọ́ọ̀ṣì yìí mọ́ láyé, á bó."

Alàgbà náà sinmi lé ẹ̀yìn àga. "Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ìwọ lo bà á jẹ́, ìwọ ni wàá tún un ṣe. Wàá ha gbogbo rẹ̀ dànù, wàá fi ọ̀dà elépo kùn ún. Bó o bá ṣe é, kò sí ẹjọ́ lọ́rùn màmá ẹ. Bó ò bá ṣe é, ẹ̀yin méjèèjì wà lábẹ́ ìbáwí nìyẹn. Bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn. Kò sí Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa."

Ẹni tí kò bá mọ ìjọ wa kò ní mọ bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe wúwo tó. Bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn wà lẹ́nu ọ̀nà, lẹ́bàá ibi tí wọ́n ń kó agbòòrùn sí. Ibẹ̀ ni wọ́n ń fi ọmọ tó lóyún ilé sí, àti ọkùnrin tó fẹ́ ìyàwó kejì. Màmá mi ti ń jẹ Oúnjẹ Olúwa láti ìgbà ọmọge, wọ́n sì gbà pé ẹni tí kò bá jẹ ẹ́ kò ní ìpín níbi tí ẹ̀gbọ́n wọn wà.

Màmá mi ṣí Bíbélì wọn. Wọ́n fi ìka wá ibì kan, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà á, ọ̀rọ̀ kan, ọ̀rọ̀ kan, bí wọ́n ṣe kọ́ wọn nínú yàrá yẹn gan-an: ibi tí àwọn obìnrin ti lọ sí ibojì láàárọ̀, tí áńgẹ́lì ní kí wọ́n lọ sọ fún àwọn ọkùnrin. Kò sẹ́ni tó lè dá wọn dúró, Bíbélì ni wọ́n ń kà. Ó pẹ́ díẹ̀. Nígbà tí wọ́n kà á tán, wọ́n pa á dé.

"Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi ní kíkà. Ọlọ́run á san án fún yín. Mo ti kà á báyìí, n ò rí ibi tí wọ́n ti ní kí wọ́n lọ pa ojú àwọn obìnrin náà rẹ́."

"Màmá, wọn ò sọ̀rọ̀ àwòrán níbẹ̀."

"Ìyẹn ni mo wí."

Pásítọ̀ ń wo ilẹ̀. Nínú ìlú tó ń sọ̀tàn rẹ̀ fún wa ní gbogbo Túsìdeè, mo rò pé irú ìyá báyìí á ti jókòó síwájú irú àwọn alàgbà yìí rí. N ò mọ̀ bóyá òun náà rò ó bẹ́ẹ̀.

Lójú ọ̀nà ilé, mo sọ fún màmá mi pé màá kùn ún. Mo ní nítorí Oúnjẹ Olúwa wọn ni. Mo ní ògiri ni ògiri. Wọ́n ra àgbàdo sísun, wọ́n dá a sí méjì, wọ́n fún mi ní ìdajì tó tóbi.

"Bó o bá kùn ún, má wá jẹun nílé mi mọ́."

"Màámi, ẹ̀yin ni wọ́n máa fi sẹ́yìn o."

"N ò tíì kú, ẹ̀yìn kì í ṣe ibojì." Wọ́n jẹ àgbàdo díẹ̀. "Lọ́jọ́ yẹn tí mo ní kó o bẹ̀rẹ̀ lára mi, mo rò pé ọwọ́ ẹ máa gbọ̀n. Mo dúró kí ó gbọ̀n. Kò gbọ̀n."

Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo gbé sùn.

Mo ránṣẹ́ sí àwọn alàgbà pé n ò kùn. Wọ́n wá pẹ́ńtà míì: ará Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń gbé nínú ọgbà wa, Mùsùlùmí, ọkùnrin tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Ó wá bá mi kí ó tó gba iṣẹ́ náà. Ó ní, "Bọ̀dá, ẹ má bínú, ọmọ ní láti jẹun." Mo ní kó lọ. Èmi náà tẹ̀ lé e ní Sátidé, pẹ̀lú màmá mi àti ìgbálẹ̀ wọn.

Ohun tí alàgbà báńkì kò mọ̀ rèé, torí kò di búrọ́ọ̀ṣì mú rí: èèyàn ò lè kun irú ògiri bẹ́ẹ̀ dáadáa láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ ṣí i sílẹ̀. Pẹ́ńtà náà ti irin pẹlẹbẹ kan bọ abẹ́ funfun, ó sì ń ṣí ní abala-abala, ó ń bọ́ sílẹ̀ bí èèpo pákí.

"Ta ni oníṣẹ́ burúkú tó ṣe èyí?" ló ń pariwo. "Kí Ọlọ́run má jẹ́ kó rí iṣẹ́ míì gbà! Ó gbàgbé sánpépà sílé ìyàwó ni?"

"Èmi ni," ni mo wí.

"Hà! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ foríjì mí. Iṣẹ́ náà burú ṣáá o."

Kí oòrùn tó kan àtàrí, gbogbo wọn ti wà níta: garawa mẹ́ta, ìró mẹ́ta, ọ̀nà ibojì, ojúmọ́ tó ń mọ́ lẹ́yìn wọn. Àwọn ìyá ìjọ tó gbọ́ ariwo pẹ́ńtà ń wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń dúró sójú kan. Arúgbó kan káwọ́ lérí, ó ní, "Àṣé ẹ ṣì wà níbí!" Àwọn ìyàwó tuntun tí kò rí i rí ń béèrè pé ta nìyí, ta nìyẹn. Màmá Àgbà ń wò wá. Kò sí nǹkan kan tó ṣe wọ́n, àfi ìlà funfun díẹ̀ nínú irun ojú.

Pẹ́ńtà náà na irin sí ẹnì kẹta. "Èyí tí kò lójú yìí ńkọ́? Ta ni?"

"Ìyá mi."

"Ta ló ha wọ́n?"

Mo wò ó. Ọkùnrin tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi náà yíjú sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ń wá nǹkan nínú àpò irinṣẹ́ rẹ̀. Sánpépà ló mú jáde.

Màmá mi gbé ìgbálẹ̀ sílẹ̀. Wọ́n rìn lọ síwájú, wọ́n fi ẹ̀yìn ti ògiri, ní abẹ́ garawa kẹta. Wọ́n ti dín kù sí bí wọ́n ṣe ga nígbà tí wọ́n ń pọn omi, orí wọn kò dé ibi tí ojú wọn wà tẹ́lẹ̀. Wọ́n gun àpótí kan. Ó wá dé e.

"Ó yá. Bẹ̀rẹ̀ lára mi."

"Màmá, nítorí Ọlọ́run, ẹ má kó bá mi! Èmi Mùsùlùmí, kí wọ́n ní èmi ni mo fi sánpépà ha ìyá Kristẹni lójú? Ẹ fẹ́ kí ìlú gbóná ni?"

Àwọn ìyá bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ni alàgbà báńkì gbọ́ lẹ́nu ọ̀nà. Ó wọlé pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ mọ́tò lọ́wọ́. "Màmá! Ẹ sọ̀kalẹ̀ níbẹ̀!"

"N ò sọ̀kalẹ̀."

Ó kọjú sí mi. "Sọ fún màmá ẹ kí wọ́n sọ̀kalẹ̀."

Mo lọ dúró sábẹ́ Màmá Àgbà, mo fi ẹ̀yìn ti ògiri. Ẹsẹ̀ mi ń gbọ̀n. Lọ́jọ́ yẹn, ó gbọ̀n. Mo ní, "Alàgbà, ẹ máa bínú bó bá wù yín. A ò kúrò." Arúgbó tó káwọ́ lérí wá dúró sábẹ́ ẹni tó padà sí Èkìtì.

Wọ́n ránṣẹ́ pe pásítọ̀. Ó dé, ó dúró sí àárín ṣọ́ọ̀ṣì pẹ̀lú bàtà rẹ̀ kan náà, ó wo ògiri, ó wo àwa tí a fẹ̀yìn tì í. Nígbà tó sọ̀rọ̀, pẹ́ńtà ló bá sọ ọ́: kó palẹ̀ mọ́, kó máa lọ. Ó ní òun ò ní jẹ́ kí wọ́n ha èèyàn nínú ilé Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n ó ní òfin ìjọ kò yí padà. Ní Ìsinmi kejì, wọ́n ti ta kọ́tìnì aláwọ̀ eérú bo gbogbo ògiri náà, èmi àti màmá mi sì ti wà ní bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn, lẹ́bàá agbòòrùn.

Ibẹ̀ la wà títí di òní. A kò lọ sí ìjọ míì, bí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe gbà wá nímọ̀ràn. Kí ló dé tí a ó fi lọ? Omi tí màmá mi rù lórí wà nínú gbogbo búlọ́ọ̀kù ilé náà. Bí wọ́n bá ń pín Oúnjẹ Olúwa, àwo á dé ìlà tó wà níwájú wa, á padà. Màmá mi á gbójú sókè, wọ́n á wò ó tààrà bó ṣe ń padà. Ní Sátidé, wọ́n ṣì ń gbálẹ̀. Wọ́n á ká kọ́tìnì, wọ́n á kí ẹ̀gbọ́n wọn, wọ́n á ro ẹjọ́ àwọn alàgbà fún wọn.

Èmi ni nǹkan yìí kò tíì tán lára mi. Oní-sáìnbọ́ọ̀dù ti kú. Mo gbé ọ̀dà elépo kékeré kan lọ ní Sátidé kan, mo gun àga, mo gbìyànjú láti dá ojú màmá mi padà. Ògiri ni mo mọ̀ ọ́n kùn, n ò mọ ojú yà. Ohun tí mo yà dà bí ọ̀pọ̀lọ́. Mo fi àkísà nù ún kúrò kó tó gbẹ, mo sì jókòó sórí àga yẹn pẹ̀lú àkísà lọ́wọ́.

Màmá mi dúró nísàlẹ̀, wọ́n ń rẹ́rìn-ín.

"Sọ̀kalẹ̀, jẹ́ ká lọ jẹun. Fi ibẹ̀ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ojú mi ṣe rí, kó bojú wẹ̀yìn. Bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn ni mo wà."